Ẹ̀bùn Wọn Kò Ju Téèpù Lọ: Ìtàn Ìdíje Pátákó ní Òkè Baker

Ó ti tó oṣù kan báyìí tí àwa tí à ń kọ̀wé síbí ti ń ṣe awuyewuye. Ẹ rántí ìdíje ọpọ́n ayò tí a máa ń ṣe ní ìparí sáà, èyí tí ẹni tó bá borí ń gba báàgì gaàrí kan àti ẹ̀tọ́ láti máa ṣe fáàrí títí di ọdún tó ń bọ̀. Lọ́dún yìí, ẹnìkan fẹ́ fi owó gidi sí i. Ohun tó ń fẹ́ ni kí orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà lára gbogbo ọpọ́n, kí òun yan adájọ́, kí ó sì jẹ́ pé àwọn ọ̀ta nìkan ni yóò jókòó. Ìdajì wa ní kí a gbà á, ìdajì ní rárá o. Ibi tí a ti ń jiyàn ni ọ̀kan nínú wa ti mú ìtàn kan wá láti ibi tí a kò ronú kàn: òkè kan ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi pátákó díje lórí òjò dídì láti ọdún 1985, tí ẹ̀bùn ẹni tó borí kò sì ju ìdì téèpù kan lọ. Ìtàn náà la fẹ́ sọ fún yín lónìí.

Òkè tó ní ju orúkọ kan lọ

Mount Baker ni wọ́n ń pe òkè náà. Ó wà ní ìpínlẹ̀ Washington, nítòsí ààlà Kánádà. Òkè oníná ni, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 3,286. Lọ́dún 1792, George Vancouver, ọ̀gá atukọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, gba etíkun náà kọjá. Joseph Baker, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi tó wà lábẹ́ rẹ̀, tajú kán rí òkè náà láti inú ọkọ̀, bí òkè ṣe di Baker nìyẹn. Àmọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀, Nooksack àti Lummi, ti ń gbé ní sàkáání rẹ̀ kí bàbá ńlá Vancouver tó dáyé, wọ́n sì ní orúkọ tiwọn fún un. Kulshan ni ọ̀pọ̀ ìwé kọ ọ́ sí. Àwa tí àwọn Potogí sọ Èkó wa di Lagos kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibùdó eré tí à ń sọ kò sí lórí òkè Baker gan-an. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló wà, láàárín òun àti òkè Shuksan, níbi tí ọ̀nà 542 máa ń dópin nígbà òtútù. Kò sí hòtẹ́ẹ̀lì ńlá níbẹ̀, iná mànàmáná ìjọba kò sì dé ibẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tiwọn ni wọ́n ń lò. Ẹ ò rí i pé àwọn náà mọ ariwo jẹnẹrétọ̀!

Ohun tí ibẹ̀ ní lọ́pọ̀ yanturu ni òjò dídì. Atẹ́gùn tó kún fún omi máa ń fẹ́ wá láti orí òkun Pàsífíìkì, yóò kọlu àwọn òkè náà, yóò gòkè, yóò tutù, yóò sì da gbogbo ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Láàárín ọdún 1998 sí 1999, òjò dídì tó rọ̀ síbẹ̀ jẹ́ ìnṣì 1,140, ìyẹn mítà 29 ó dín díẹ̀. Òun ni àkọsílẹ̀ tó ga jùlọ lágbàáyé fún sáà òtútù kan. Bí èèyàn bá kó gbogbo rẹ̀ jọ láì jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀, yóò ga ju ilé alájà mẹ́jọ lọ.

Ìdíje àkọ́kọ́ àti màlúù ojú irin

Kí pátákó tó dé, ìdíje mìíràn ti wà lórí òkè yìí. Ní 1911, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Mount Baker Club fẹ́ kí gbogbo ayé mọ òkè wọn. Wọ́n dá eré ìje kan sílẹ̀: kí èèyàn gbéra láti ìlú Bellingham, kó fi mọ́tò tàbí ọkọ̀ ojú irin dé ẹsẹ̀ òkè, kó fẹsẹ̀ sáré gun òkè dé ṣóńṣó, kó sì tún sáré padà wálé. Ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, Harvey Haggard ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ó sì wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń dúró dè é. Níbi tí ọkọ̀ náà ti ń sáré àsápajúdé ló ti kọlu akọ màlúù kan lójú irin, ọkọ̀ sì yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Haggard jáde, ó wá kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ó tún wá ẹṣin, ṣùgbọ́n Joe Galbraith tó wọ mọ́tò Ford ti gba iwájú rẹ̀ lọ. Galbraith ló borí.

Gbogbo ìlú ló rẹ́rìn-ín sí ìtàn màlúù yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ní 1913, ọ̀kan nínú àwọn sárésáré já sínú ihò yìnyín lórí òkè, ó sì pẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó rí i fà jáde. Láti ọdún náà ni wọ́n ti fòpin sí eré ìje yìí. Àwọn tó dá a sílẹ̀ ti fẹ́ fi polówó ìlú, wọ́n fẹ́ kí ó yá, kó sì tóbi, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí. Ọgọ́ta ọdún kọjá kí ìlú Bellingham tó tún bẹ̀rẹ̀ eré ìje mìíràn tó fara jọ ọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Ski to Sea, ní 1973.

Níbo ni pátákó ti wá?

Ẹni tó ń gun pátákó ń dúró lórí igi pẹlẹbẹ kan ṣoṣo, ó fi ẹ̀gbẹ́ síwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì so mọ́ igi náà, ó sì ń yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Síkì yàtọ̀: igi méjì ni, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Síkì ti pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ọmọ àná ni pátákó.

Ní 1963, ọmọ ilé ìwé kan ní ìpínlẹ̀ New Jersey, Tom Sims, ṣe pátákó tí èèyàn lè dúró lé lórí òjò dídì, ní kíláàsì iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Ní ọjọ́ Kérésìmesì 1965, ní ìlú Muskegon ní ìpínlẹ̀ Michigan, Sherman Poppen so síkì méjì pọ̀ kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè rí nǹkan fi ṣeré. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Snurfer. Ní 1977, Jake Burton Carpenter bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pátákó tà ní ìpínlẹ̀ Vermont. Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ìṣeré ọmọdé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í di òwò.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ni ibùdó eré kò fẹ́ rí wọn sójú. Wọ́n ní àwọn ọmọ aláàbọ̀ ẹ̀kọ́ ni, wọ́n ní wọn yóò kọlu àwọn oníṣíkì, wọ́n ní ilé iṣẹ́ ìbánigbófò kò ní gbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ibùdó tó ń jẹ́ kí wọ́n gun àga orí wáyà tó ń gbé èèyàn lọ sókè. Ní ibi púpọ̀, àwọn ọmọ náà ń fẹsẹ̀ gun òkè fúnra wọn, wọ́n gbé pátákó lérí, kí wọ́n lè yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Títí di òní, ibùdó mẹ́ta ni Amẹ́ríkà kò tíì gba pátákó láyè: Alta àti Deer Valley ní Utah, àti Mad River Glen ní Vermont.

Òkè Baker wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn. Ẹni tí a bá lé níbi gbogbo, ibi tí wọ́n bá ti ní kó jókòó ló ń pè nílé. Ohun tó sọ ibùdó kékeré yìí di ìlú mímọ̀ fún àwọn ọlọ́pátákó nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú kan ní 1985

Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ ìparí ìdíje bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ńlá àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Super Bowl. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo èèyàn ló ń jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n, òkè a sì dá páropáro. Bob Barci àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní àdúgbò náà rí i pé àkókò ti tó láti ṣe eré tiwọn. Kò sí pápá tí wọ́n nílò láti kọ́, nítorí òkè fúnra rẹ̀ ti gbẹ́ kòtò gígùn kan kalẹ̀, tí ẹ̀bá rẹ̀ méjèèjì ga bí ògiri. Wọ́n ri ọ̀pá mọ́ ọn, wọ́n sì fi ṣọ́bìrì mọ òjò dídì jọ síbi tí èèyàn yóò ti yí. Ohun tí wọ́n ń pè ní banked slalom nìyẹn: kí o gba ẹ̀gbẹ́ gbogbo ọ̀pá kọjá, kí o máa gun ògiri ọ̀tún, kí o bọ́ sí ti òsì, láì ṣubú, láì fo ọ̀pá kankan. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Aago ni adájọ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ aago yìí. Nínú ọ̀pọ̀ ìdíje pátákó tó dé lẹ́yìn náà, àwọn èèyàn kan ń jókòó sísàlẹ̀, wọ́n ń wo bí ẹni náà ṣe fò sókè, bí ó ṣe yí lójú òfuurufú, wọ́n sì ń fún un ní máàkì. Ní Baker, kò sẹ́ni tó lè ṣe ojúsàájú. Ọmọ ọdún mẹ́wàá àti ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé, inú kòtò kan náà ni wọ́n ń gbà, aago kan náà ló sì ń kà fún wọn.

Ẹni tó borí ní ọdún àkọ́kọ́ náà ni Tom Sims, ọmọ tó ṣe pátákó nílé ìwé lọ́jọ́sí. Nígbà náà, ó ti ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀. Ọdún 1985 kan náà ni fíìmù James Bond tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ A View to a Kill jáde, Sims sì wà lára àwọn tó gun pátákó nínú rẹ̀ ní ipò Roger Moore. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: ọkùnrin tí gbogbo ayé ń wò lójú sinimá láì mọ̀ ọ́n ló wà nínú kòtò lórí òkè, pẹ̀lú àwọn ọmọ àdúgbò, níbi tí kò sí kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n kankan.

Téèpù, jákẹ́ẹ̀tì àti ẹja sísun

Orúkọ ìdíje náà di Legendary Banked Slalom. Àwọn tó ń bọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, láti Kánádà, láti Japan, láti Norway. Síbẹ̀ ẹ̀bùn tó gbajúmọ̀ jùlọ níbẹ̀ ni ìdì téèpù tí wọ́n fi ń dí páìpù, èyí tí wọ́n sọ di aláwọ̀ wúrà. Kì í ṣe àwàdà lásán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré yìí, bàtà tó yẹ kò sí, ìdè ẹsẹ̀ a máa já, igi a máa là. Téèpù ni gbogbo wọn fi ń dì í. Ẹni tó bá gba téèpù wúrà ń gba ìrántí ìgbà tí wọn kò ní nǹkan kan. Wọ́n tún ń fún àwọn tó borí ní jákẹ́ẹ̀tì Carhartt, aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbẹ́lẹ̀ tó sì ń gégi, tí wọ́n kọ orúkọ ìdíje sí lára.

Ní àárín ìdíje, wọ́n máa ń sun ẹja salmon, ẹja odò àdúgbò náà, gbogbo èèyàn á sì jùmọ̀ jẹ ẹ́. Wọ́n pín àwọn olùdíje sí ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí wọn: ọmọdé wà, àgbàlagbà wà, ọkùnrin wà, obìnrin wà. Maëlle Ricker, ọmọ Kánádà tó gba wúrà Òlíńpíìkì ní Vancouver ní 2010, wà lára àwọn tó borí níbẹ̀ léraléra. Nítorí àwọn tó fẹ́ wọlé ti pọ̀ ju àyè lọ, orúkọ ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ń fi ìbò mú.

Ọ̀nà méjì pín ní 1998

Lọ́dún 1998, pátákó wọ Òlíńpíìkì fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Nagano ní Japan. Ó yẹ kó jẹ́ ọjọ́ ayọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì gbé àkóso eré náà lé FIS lọ́wọ́, ìyẹn àjọ àwọn oníṣíkì, wọ́n sì fi ISF, àjọ tí àwọn ọlọ́pátákó dá sílẹ̀ fúnra wọn, sílẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ fojú inú wò ó: àwọn tí wọ́n lé yín kúrò nílé lánàá ni wọ́n fi ṣe baálé yín lónìí. Terje Haakonsen, ọmọ Norway, tí ọ̀pọ̀ gbà pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n gùn tó o nígbà náà, kọ̀ láti lọ. Kò lọ sí Nagano, ṣùgbọ́n ó ń lọ sí Baker, ó sì borí níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní 2002, ISF kógbá sílé. Nínú àjọ méjèèjì, ti àwọn tó ni eré ló kú.

A kò ní sọ pé ẹni tó lọ sí Òlíńpíìkì ṣẹ̀. Seth Wescott, ọmọ Amẹ́ríkà tó gba wúrà ní 2006 àti 2010, náà ti díje ní Baker. Ohun tí a rí kọ́ ni pé ẹni tó ń kọ òfin eré ló ni eré, kì í ṣe ẹni tó ń gba ife.

Ẹlòmíràn tí a kò lè fò ni Craig Kelly. Ìlú Mount Vernon, tí kò jìnnà sí òkè náà, ló ti dàgbà. Ó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà ní Yunifásítì Washington kó tó fi í sílẹ̀ nítorí pátákó, ẹ̀yin tó wà ní fákọ́tì ìmọ̀ ẹ̀rọ, ẹ má ṣe fi èyí han òbí yín. Ó di ọ̀gá àgbáyé nígbà mẹ́rin, ó borí ní Baker ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, lẹ́yìn náà ló kẹ̀yìn sí ìdíje olówó ńlá nígbà tí òkìkí rẹ̀ wà lókè téńté. Ó ní òun fẹ́ wà lórí òkè ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ṣẹ́ amọ̀nà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kínní ọdún 2003, nítòsí Revelstoke ní Kánádà, òjò dídì ya lulẹ̀ láti orí òkè, ó bo àwọn tó ń kọjá mọ́lẹ̀. Èèyàn méje ló kú, Craig Kelly sì wà lára wọn. Ẹni ọdún 36 ni.

Ọdún tí òjò kò dì

Ibùdó tó ní àkọsílẹ̀ òjò dídì tó ga jùlọ láyé ni à ń sọ. Síbẹ̀, ní 2005, ìdíje kò lè wáyé nítorí òjò dídì kò tó. Ní 2015, ó tún ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọgbọ̀n ìgbà ni ó yẹ kí wọ́n ṣayẹyẹ lọ́dún náà. Wọ́n ní láti dúró di 2016. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti 1985, tí a sì yọ ọdún 2005 àti 2015 kúrò, ó bọ́ sí i gẹ́lẹ́.

Ibí ni a ti ronú jùlọ. Owó lè ra ife ẹ̀yẹ, ó lè ra adájọ́, ṣùgbọ́n ìdíje yìí dúró lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè rà. Bí ayé ṣe ń gbóná sí i, òtútù lórí àwọn òkè bẹ́ẹ̀ ń dínkù, ohun tó yẹ kó bọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀gbọ̀n òwú sì ń bọ́ bí omi. Lọ́dún tí òkè bá ní rárá, àwọn ará Baker kàn ń dúró de ọdún tó ń bọ̀ ni.

Kí a má ṣe fi adùn bo àbùkù mọ́lẹ̀. Pátákó, bàtà, tíkẹ́ẹ̀tì àga orí wáyà àti epo mọ́tò kì í ṣe owó kékeré. Eré tí wọ́n lè pè ní eré tẹ́nìkan kò kà sí nǹkan lè jẹ́ eré tí ọmọ tálákà kò lè dé ibẹ̀ láé. Àwọn èèyàn dúdú kò pọ̀ lórí òjò dídì, kì í ṣe nítorí òtútù nìkan. Ọdún 2018 ni Nàìjíríà tó kọ́kọ́ lọ sí Òlíńpíìkì ìgbà òtútù, ní Pyeongchang, nígbà tí Seun Adigun darí ọkọ̀ bobsled, tí Simidele Adeagbo sì dojú bolẹ̀ lórí skeleton. Orúkọ Yorùbá ni méjèèjì ń jẹ́. Orí yìnyín ni wọ́n ti ṣe é, kì í ṣe lórí pátákó, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi hàn pé ilẹ̀kùn tí èèyàn kò bá kàn kì í ṣí.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọpọ́n ayò wa. Ohun tí a rí nínú ìtàn yìí ni pé kì í ṣe owó ló ń ba ìdíje jẹ́. Wọ́n ń sanwó ìforúkọsílẹ̀ ní Baker náà, àwọn ilé iṣẹ́ sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Eré máa ń bàjẹ́ lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá gba àṣẹ láti sọ ẹni tó lè jókòó. Nítorí náà, a ti fohùn ṣọ̀kan lórí èsì tí a máa fún ọ̀gbẹ́ni wa. Bí ó bá fẹ́, kó ra ọpọ́n tuntun fún wa, kó fi ẹran sí i, inú wa yóò dùn, a ó sì dúpẹ́ ní gbangba. Àmọ́ kò ní yan adájọ́, nítorí ọmọ ayò kì í purọ́, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n kà ló lè ṣe adájọ́. Ọmọ ọdún kìíní tó ń kọ́ ayò lọ́wọ́ yóò jókòó síwájú ọ̀ta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n á nà án bí ẹni na bàrà.

Báàgì gaàrí sì ni ẹ̀bùn. A ó kun báàgì náà ní àwọ̀ wúrà.